Àkèré Èkó àti Irun Inú Ọ̀nà Èémí

Ìtàn ni orúkọ Igbó-Elérin fúnra rẹ̀. Kì í ṣe Igbó-Elérin ti ìhà Lágelú lẹ́bàá Ìbàdàn ni mo ń wí o; èyí tí ó wà láàrin Ọjọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí, tí ó kàn gbọ́ orúkọ náà, á rò pé erin lòun máa pàdé lójú ọ̀nà. Erin ti lọ tipẹ́. Ilé ló kún ibẹ̀, àti ṣọ́ọ̀bù, àti kẹ̀kẹ́ Márúwá, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ìyẹn LASU, tí ìjọba Lateef Jakande dá sílẹ̀ ní 1983. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ dáadáa lóṣù kẹfà, tí omi sì dúró sí gbogbo kòtò, ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn tí kò tíì bá erin lọ. Àwọn àkèré ni.

Ọ̀kan nínú ẹ̀yà àkèré ilẹ̀ wa yìí ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Àkèré kẹ̀? Kí ló kàn wá kàn án?” Ẹ fara balẹ̀. Ara rẹ̀ àti ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń gbé ní South Africa ni àwọn onímọ̀ ti rí bí jíìnì ṣe ń pàṣẹ fún ara láti kọ́ àwọn irun tíntìntín tí ń gbálẹ̀ inú ọ̀nà èémí wa, àti ohun tó ń bà á jẹ́ lára àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń wúkọ́ láti ọjọ́ tí a ti bí wọn.

Ní ọdún 1864, ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ John Edward Gray. Òun ni olórí ẹ̀ka ẹranko ní British Museum, ilé ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá rí lágbàáyé sí. Ọdún 1861 ni wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú, kò sì pẹ́ tí ẹranko Èkó náà fi ń dé Lọ́ńdọ̀nù nínú ìgò ọtí líle. Gray ṣí ọ̀kan, ó bá àkèré kékeré kan níbẹ̀, tí kò gùn tó ìka ọwọ́ àgbàlagbà. Kò ní ahọ́n lẹ́nu, ó sì ní èékánná dúdú lórí ìka mẹ́ta ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó sọ ọ́ ní Silurana tropicalis, ó sì kọ ibi tí ó ti wá sílẹ̀: Lagos. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn àwọn onímọ̀ yí orúkọ náà padà sí Xenopus tropicalis, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kò yí padà nínú ìwé. Títí dòní, bí onímọ̀ kan ní Japan tàbí ní Jámánì bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí àkèré náà, Èkó ni yóò kà.

Ẹ̀dá inú omi ni. Kì í gun òkè bíi ọ̀pọ̀lọ́ tí ń fò kiri ẹ̀yìnkùlé. Adágún omi inú igbó, odò tí kò yára àti àbàtà ni ilé rẹ̀, láti Senegal títí dé Cameroon. Ẹ sì mọ̀ pé bí a bá ń wá àbàtà, ìhà Ọjọ́ kò ṣàìní in.

Ẹ jẹ́ ká fi àkèré sílẹ̀ ná, ká wo irun tí mo ń wí. Sílíà ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Kì í ṣe irun orí, kì í sì í ṣe irun imú tí bábà máa ń gé. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí ojú lásán kò lè rí, lè ní igba sílíà lórí. Nínú ọ̀nà èémí wa, wọ́n tò bí koríko pápá, wọ́n sì ń mì lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Eruku tí a fà símú ní Alábà, èéfín jẹnẹrétọ̀, kòkòrò àìsàn, inú ikun tó wà lọ́nà èémí ni gbogbo wọn máa ń lẹ̀ mọ́. Sílíà á sì máa gbá ikun yẹn bọ̀ lókè títí yóò fi dé ọ̀fun, tí a ó gbé e mì tàbí tí a ó há a dànù. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń ṣe é. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wà nínú ọpọlọ, níbi tí wọ́n ti ń ti omi ọpọlọ lọ. Ó wà lára obìnrin náà, ní ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ. Ìrù àtọ̀ ọkùnrin pàápàá, bí sílíà gígùn kan ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ó pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń wò ó. Ní 1834, Jan Purkyně àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Gabriel Valentin rí i pé ó ń mì lára ẹranko elégungun náà, kì í ṣe lára kòkòrò inú omi nìkan. Ní 1896, Richard Assheton kọ̀wé nípa ti ara ọmọ àkèré: pé kí ó tó di légbénlègbé tí ń ju ìrù, nígbà tí kò tíì lè fi iṣan ara rẹ̀ ṣe ohunkóhun, awọ ara rẹ̀ ti ní sílíà, òun ló sì ń jẹ́ kí ó máa yọ́ rìn nínú omi. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ni kókó. Irú sẹ́ẹ̀lì tí ó fara pamọ́ sínú àyà wa, ìta gbangba ló wà lára ọmọ àkèré. Kò sí pé à ń la ẹnikẹ́ni níkùn ká tó rí i.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn àtijọ́ náà ni ti Victor Twitty, ará Amẹ́ríkà, ní 1928. Ó gé awọ ara ọmọ ẹranko kan tó jẹ́ ìbátan àkèré, ó yí i padà, orí di ìdí, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ti gé e. Bí ọmọ náà bá ṣì kéré gan-an, sílíà ara awọ tí ó yí yóò gba ìlànà àwọn aládùúgbò, wọ́n á jọ máa gbá omi síbì kan náà. Bí ó bá ti dàgbà díẹ̀, ó tán: sílíà náà yóò máa gbá omi sí ọ̀nà tó ti ń gbá a tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé kò sí ẹni tó yí i. Ìyẹn ni pé ìgbà kan wà tí àṣẹ ń jáde nínú ara, bí ìgbà náà bá ti kọjá, àṣẹ ti di òfin. Ta ló ń pàṣẹ? Twitty kò ní irinṣẹ́ tó lè fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yìn náà ni awò alágbára tó ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ríran dé. Ní 1954, Don Fawcett àti Keith Porter fi hàn pé inú sílíà kan, bó ti wù kó kéré tó, ọ̀pá méjì-méjì mẹ́sàn-án ló tò yípo, méjì sì wà láàrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni lára àkèré, bẹ́ẹ̀ ni lára èèyàn. Ian Gibbons wá rí èròjà tó ń fa àwọn ọ̀pá náà kí sílíà lè tẹ̀. Dynein ni ó sọ ọ́ ní 1965. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé ìwòsàn gan-an ni 1976. Ṣáájú, ní 1933, Manes Kartagener, dókítà kan ní Zurich, ti kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí nǹkan mẹ́ta pa pọ̀ sí lára: ikun imú tí kò gbẹ, ẹ̀dọ̀fóró tí ó bàjẹ́, àti ọkàn tí ó wà lápá ọ̀tún dípò òsì. Kí ni ọkàn apá ọ̀tún fi bá ikọ́ tan? Ìbéèrè náà wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Björn Afzelius ní Stockholm ló tú u. Ó ń yẹ àtọ̀ àwọn ọkùnrin kan tí kò lè bímọ wò, ó rí i pé àtọ̀ wọn kò lè rìn, ó fi awò alágbára wo inú ìrù rẹ̀, ó rí i pé dynein kò sí níbẹ̀. Sílíà ọ̀fun wọn náà kò mì. Àìsàn kan náà ni gbogbo rẹ̀! Ẹni tí sílíà rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò dúró sí i láyà, yóò máa wúkọ́ tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn, etí rẹ̀ lè máa ṣọyún. Nǹkan bí ìdajì nínú wọn ni ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wọn pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́.

Wọ́n ṣírò rẹ̀ ní 2022 pé ó kéré tán, ẹnì kan nínú nǹkan bí 7,500 ló ní in káàkiri ayé, Áfíríkà kò sì yọ sílẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ìyá kan ní Ìbà tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ tí ó bí i. A ó kọ́kọ́ ní òtútù àyà ni. A ó fún un ní oògùn, yóò san díẹ̀, yóò tún padà. Lẹ́yìn náà a ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Bí ìyẹn kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó lójú. Ta ni yóò ronú kan irun tí kò ju ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ? Ìdí nìyí tí ìtàn àkèré fi kàn wá.

Àwọn àkèré èékánná ti di ará ilé àwọn onímọ̀ kí wọ́n tó mọ ohunkóhun nípa jíìnì. Lancelot Hogben, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Cape Town, ló ṣàkíyèsí nǹkan bí 1930 pé bí a bá gún Xenopus laevis, àkèré South Africa, ní abẹ́rẹ́ èròjà kan láti inú orí màlúù, yóò yé ẹyin. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ìtọ̀ aboyún náà ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Títí di ọdún 1960 sókè, bí obìnrin òyìnbó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun lóyún, àkèré ni wọ́n ń fi ìtọ̀ rẹ̀ gún. Bí àkèré bá yé ẹyin, ilé ti kún. Báyìí ni laevis ṣe wọ gbogbo ilé ìwádìí, nígbà tí àyẹ̀wò tuntun dé, wọn kò lé e jáde.

Ṣùgbọ́n laevis ní àléébù kan. Àwọn babańlá rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà méjì tó fẹ́ra wọn láyé àtijọ́, wọ́n sì kó ẹrù jíìnì àwọn méjèèjì sí ara ọmọ. Krómósómù rẹ̀ jẹ́ 36. Bí onímọ̀ bá ba jíìnì kan jẹ́ láti rí ohun tó ń ṣe, èkejì rẹ̀ á sáré wá dí àlàfo. Yóò sì tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bímọ. Àkèré Èkó kò rí bẹ́ẹ̀: krómósómù 20 péré ló ní, méjì-méjì bíi tiwa, láàrin oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ó ti tó ọlọ́mọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ wọ́n lẹ́nu nípa rẹ̀, pé kò fẹ́ òtútù. Wọ́n ní láti máa mú omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ẹni pé ó ṣì wà lẹ́bàá ọ̀sà.

Ìdílé méjì ló gbajúmọ̀ jù ní ilé ìwádìí wọn. Ìkan wá láti Ivory Coast. Èkejì wá láti ilẹ̀ wa, “Nigerian” sì ni wọ́n ń pè é. Ní Yunifásítì Virginia, lọ́dọ̀ Robert Grainger, wọ́n ń mú ọmọ ìyá kan náà gun ara wọn láti ìran dé ìran kí jíìnì wọn lè dọ́gba. Obìnrin kan nínú ìdílé Nigerian náà, ìran keje, ni wọ́n wá ka gbogbo jíìnì rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Wọ́n tẹ àbájáde náà jáde nínú ìwé Science ní oṣù kẹrin 2010. Òun ni àkèré àkọ́kọ́ tí wọ́n ka jíìnì rẹ̀ tán láyé. Ó lé ní 20,000 jíìnì. Ó kéré tán 1,700 nínú wọn ló ní ìbátan tó ń fa àìsàn lára èèyàn bí ó bá bàjẹ́.

Nísinsìnyí ká wá dáhùn ìbéèrè Twitty: ta ló ń pàṣẹ? Ẹ má jẹ́ kí n bu ọlá fún ará ilé ju bó ti yẹ lọ. Ara laevis ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí púpọ̀ nínú ìdáhùn náà. Ẹni tó bá ti kọ́ ilé ní Igbó-Elérin yóò tètè yé. Kí bíríkìlà tó dé, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ gba ilẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹlòmíràn má ṣe wá síbẹ̀. Ní 1999, ẹgbẹ́ Chris Kintner ní Salk Institute ní California fi hàn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni awọ ọmọ àkèré ṣe ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ di onísílíà yóò fi èròjà kan kan àwọn tó yí i ká, èròjà náà yóò jí jíìnì tí ń jẹ́ Notch nínú wọn, Notch yóò sì kìlọ̀ fún wọn: ẹ̀yin, ẹ má dán an wò. Nítorí náà ni àwọn onísílíà kì í fi í fara kan ara wọn láwọ ara rẹ̀. Wọ́n á tàn ká bí àwọn ìyá tí ń dín àkàrà, tí olúkúlùkù mọ ìkóríta tirẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ti bọ́ sí sẹ́ẹ̀lì náà lọ́wọ́, fóòmàn á dé. Multicilin ni orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Kintner kan náà ló rí i ní 2012. Iṣẹ́ tirẹ̀ le. Gbogbo sílíà ló ń fẹ́ ìpìlẹ̀ kan lábẹ́, sẹ́ẹ̀lì lásán kò sì ní ju méjì irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Multicilin ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n rọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ nínú ẹyin àkèré, awọ náà kò ní sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pọ̀ sílíà. Nígbà tí wọ́n sì fi í sí inú sẹ́ẹ̀lì tí kò yẹ kó ní sílíà rárá, sẹ́ẹ̀lì náà hu sílíà! Fóòmàn kan ṣoṣo dé, ilé dìde.

Multicilin kì í dá ṣe é. Ó ń pe FOXJ1, tí mo lè pè ní ẹlẹ́ẹ́ńjìnnì. Ní 2008 ni wọ́n fi hàn lára àkèré àti ẹja pé FOXJ1 ló ń tan iná sí gbogbo jíìnì tó ń mú sílíà mì: dynein, ọ̀pá àárín, àti àwọn yòókù. Àwọn jíìnì RFX ń ràn án lọ́wọ́. Ibi tí kò bá sí FOXJ1, sílíà lè wà, ṣùgbọ́n yóò dúró gbagidi bí mọ́tò tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ àkèré jẹ́ ọ̀rọ̀ èèyàn kò pẹ́ dé. Ní 2014, wọ́n rí àwọn ìdílé tí jíìnì multicilin bàjẹ́ lára wọn, àti àwọn mìíràn tí CCNO, tí ń tẹ̀ lé e lẹ́nu iṣẹ́, bàjẹ́. Sílíà tó wà lọ́nà èémí wọn kò tó nǹkan, ẹ̀dọ̀fóró wọn sì ń bàjẹ́ láti kékeré. Ní 2019 ni wọ́n rí ti FOXJ1: ní ti àwọn wọ̀nyí, omi tún kún inú orí wọn, ọkàn àwọn kan sì bọ́ sápá ọ̀tún.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ti multicilin kò yí ọkàn padà, ti FOXJ1 ló yí i. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ọlẹ̀ ṣì kéré, kòtò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ní sílíà kọ̀ọ̀kan péré. Sílíà náà ń gbá omi sápá òsì, ìṣàn omi yìí ni ara fi ń mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Nobutaka Hirokawa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo ló rí i lára èkúté ní 1998. Wọ́n rí irú rẹ̀ lára àkèré ní 2007. Sílíà kan ṣoṣo kò nílò multicilin. Àmọ́ ó nílò ẹ́ńjìnnì. Àdììtú Kartagener tú pátápátá.

Níbí ni àkèré Èkó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní Yunifásítì Yale, Mustafa Khokha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gba jíìnì àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú ọkàn tí kò sí nípò. Èyí tí wọ́n bá fura sí, wọ́n á lọ dán an wò lára tropicalis. Jíìnì kan tí ń jẹ́ GALNT11 jáde lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 2013 wọ́n kọ ọ́ pé GALNT11 ló ń tún Notch ṣe, òun ló sì ń pinnu iye sílíà tí yóò máa mì àti iye tí yóò dúró jẹ́ẹ́ nínú kòtò tí mo wí. Ẹ̀rí wá láti inú ẹyin àkèré tí a kọ́kọ́ kọ Lagos sí nídìí.

Mo ń wo àbàtà ìhà ọ̀dọ̀ wa bí wọ́n ṣe ń fi yanrìn dí i. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Èèyàn ní láti rí ibi sùn, Èkó kò sì gbòòrò sí i. Ṣùgbọ́n àkèré tí kì í gun òkè kò ní ibòmíràn tó lè kó lọ. Ìdílé Nigerian náà wà ní Woods Hole ní Massachusetts, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń náwó sí ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú àkèré yìí ní 2010, tí omi wọn ń lọ lọ́wọ́ọ́wọ́, tí oúnjẹ wọn kì í yẹ̀. Ilé bẹ́ẹ̀ tún wà ní Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ LASU kan bá fẹ́ fi àkèré Èkó kọ́ nípa sílíà lọ́la, ó lè kọ lẹ́tà sí Woods Hole kí wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú kó o wá. Tàbí kí ó wọ bàtà rọ́bà, kí ó mú àwọ̀n lọ́wọ́, kí ó sì tètè lọ síbi tí tipa yanrìn kò tíì dé.